Dísìkì tí Bàbá Fi Orúkọ Mi Tà

Láti ọjọ́ tí Bàbá, bàbá tó bí bàbá mi, ti kú ni àwọn èèyàn ò ti yé wọ ilé wa ní Kùmásì. Àwọn ará Ìlọrin ń wá, àwọn Haúsá ń wá, àwọn Àṣáǹtí tó wọ aṣọ dúdú náà ń wá jókòó sórí àga tí a yá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: "Olóòótọ́ èèyàn ni Àlàájì." Tí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, á wò mí, nítorí pé èmi ni ọmọ-ọmọ tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ Bàbá, á sì máa retí kí n ṣe àmín. Mo máa ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé kí n lè mí dáadáa.

Bọ̀dá Bùràímọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ní kí n kọ ìwé yìí. Wọ́n ní, "Rámátù, ìwọ lo kàwé nínú wa. Kọ nǹkan nípa Bàbá kí àwọn tó wà nílé ní Ìlọrin rí i kà." Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo fẹ́ràn Bàbá débi pé mi ò tíì lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n purọ́ kan láyé wọn, orúkọ mi ni wọ́n sì fi pa á. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ nípa wọn kí n fo ìyẹn. Torí náà mo máa kọ gbogbo rẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tó dun ni.

Èdè mẹ́rin ni Bàbá fi ń gbé ayé. Haúsá ni wọ́n fi ń nájà, Twi ni wọ́n fi ń jà, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kírun, Yorùbá ni wọ́n fi ń kẹ́ ọmọ. Wọ́n lè lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú kan, pàápàá tí oníbàárà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu tí ọmọ kan sì ń sunkún lẹ́yìn wọn. Àwọn nìkan ló ń pe oríkì mi, Àṣàkẹ́. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kan pè mí ní àlejò, wọ́n ní kí n padà sí ìlú baba mi. Mo sunkún délé. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n nu imú mi, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, bí wọ́n bá pè ọ́ ní àlejò, ọjà rere ni kí o fi dá wọn lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún wọn. Lọ́dún tí ìjọba lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, mi ò tíì mọ nǹkan kan láyé, Bàbá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rédíò wọn ní àdúgbò Race Course, wọ́n fún obìnrin Àṣáǹtí tó ni ilé ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, obìnrin náà ò tíì yá ẹnikẹ́ni ní ibẹ̀. Rédíò kan ò sọnù. Ó tiẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń gbá eruku inú rẹ̀. Bàbá fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí nígbà tí a bá ń jẹun, ibì kan náà ni ohùn wọn sì máa ń lọ sílẹ̀: "Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ni mo fi sílẹ̀, orúkọ ni. Orúkọ yẹn ni obìnrin náà ń gbálẹ̀ rẹ̀."

Rédíò di ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì sì di kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun dé, Bàbá wà lára àwọn tó tètè gbà wọ́n wọlé ní àgbègbè wa. Wọn ò lè tẹ̀ ẹ́. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tan kọ̀ǹpútà, wọ́n á yọ fìlà, wọ́n á gbé etí lé àpótí náà bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn, wọ́n á máa gbọ́ bí dísìkì tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń yí. Èyí tó bá ń yí jẹ́jẹ́, wọ́n á ní "Tò!", ìyẹn "ó dára" ní Haúsá, wọ́n á gbé e síwájú. Èyí tó bá ń ta kìkì-kìkì, ẹ̀yìn ló ń lọ, bí oníbàárà tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan bẹ̀ wọ́n títí, ó ní òun á rà á bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Ọjà tó bá ń kérora, mi ò ní tà á fún ọ̀tá mi, áńbọ̀sì ìwọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀."

Ẹni tí wọ́n ń bá jà jù ni Kofi, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwọn. Ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà. Kofi kéré sí wọn gan-an, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Tí oníbàárà bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, Kofi á pariwo ní Twi láti òdìkejì: "Àlàájì! Dísìkì rẹ gba ogún mẹ́gábáìtì, tèmi gba ọgbọ̀n. Irin kan náà! Nínú èmi àti ìwọ, ta lorí rẹ̀ ò pé?"

Bàbá á dáhùn láì dìde: "Kofi, ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ bí. Ẹnu rẹ ló jẹ́ kó dà bíi méjì."

Gbogbo ọ̀nà á rẹ́rìn-ín, Kofi gan-an á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé Bàbá kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Oníbàárà ń sọdá lọ sọ́dọ̀ Kofi. Lọ́jọ́ kan tí a ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n bi mí pé, "Àṣàkẹ́, ìwọ tó ń kọ́ nǹkan yìí ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ni irin kan náà lè gba ogún kó tún gba ọgbọ̀n?"

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà jẹ́ àwo irin tí wọ́n fi nǹkan pupa kan tó ń gba òòfà kùn. Bí àwo náà ṣe ń yí, orí kékeré kan ń fi òòfà sàmì sí i lára. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń sàmì. Ọ̀nà àtijọ́ ń fi àyè sílẹ̀ láàárín àmì. Ọ̀nà tuntun ń fún wọn mọ́ra, àwo kan náà á sì gba ìdajì sí i. Káàdì tí wọ́n so dísìkì mọ́ ló ń pinnu ọ̀nà tí wọ́n máa lò. Yọ káàdì kan, fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pa gbogbo ohun tó wà lórí àwo rẹ́ kí o tún un là, ogún mẹ́gábáìtì á di ọgbọ̀n lójú rẹ. Ètò tó ń tọ́jú fáìlì nígbà náà kò sì lè mú ju méjìlélọ́gbọ̀n lọ ní ojú kan, torí náà ọgbọ̀n wọ̀ ọ́ bí fìlà. Ẹni tó rà á ò ní láti pín in sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni Kofi ṣe ń rí ọgbọ̀n tà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe dísìkì mọ èyí tí ara rẹ̀ gba àmì fífún, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára. Èyí tí ara rẹ̀ ò bá gbà á, á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàápàá. Lẹ́yìn náà, ooru Kùmásì àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, àmì tó fún mọ́ra á di ohun tí orí yẹn ò lè kà mọ́. Ohun tó burú jù ni pé ètò fáìlì gbẹ́kẹ̀ lé dísìkì pátápátá. Ó kó atọ́ka gbogbo fáìlì sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo, ó ṣe ẹ̀dà kan, ó wá gbé ẹ̀dà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Tí ibẹ̀ bá bà jẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ ṣì wà lórí àwo, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Orí èyí ni mo ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi: pé bí ìkọ̀wé ṣe ń fún mọ́ra sí i, kí ètò fáìlì tú ẹ̀dà atọ́ka rẹ̀ ká, kí ẹni tó ń ra dísìkì náà má sì béèrè iye tó ń gbà nìkan, kó béèrè ọ̀nà tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ó dá mi lójú pé ó yé Bàbá, torí pé àwọn ló tún un sọ fún mi. Bàbá ti kọ́ ọmọ ní kéú nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n mọ wàláà, pátákó tí ọmọ kéú ń kọ súrà sí. Wọ́n ní, "Tò. Wàláà tí a ò fá kó dán, tí o bá kọ ọ́ há, tàdáwà tí o fi kọ ọ́ á ṣàn wọnú ara wọn. Ní àárọ̀ á ṣeé kà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, súrà méjì á ti di ọ̀kan." Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Inú mi dùn. Wọ́n wo òdìkejì, wọ́n mi orí. "Wàláhì, èmi ò ní tà á. Igi ò di òmíràn torí pé gègé tẹ́ẹ́rẹ́."

Àṣà kan wà láàárín àwọn oníṣòwò wa tí àwọn bàbá ńlá wa gbé dé láti ìdí aṣọ títà. Tí ọjà bá tóbi, ẹni tó tà á nìkan kọ́ ló ń sọ pé ó dára. Ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀, tó mọ ọjà, á fọwọ́ lé e níwájú ẹni tó ń rà á, á ní, "Mo ti rí i." Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹni tó fọwọ́ lé e ló wà lórí ọjà. Tó bá bà jẹ́, òun ló máa kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, òun ló máa bẹ̀bẹ̀. Àwọn Àṣáǹtí tó ń bá wa rajà náà ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á béèrè pé, "Ta ló fọwọ́ lé e?" Nígbà tí mo wọ yunifásítì ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n wá fọwọ́ lé dísìkì. Mi ò lè sọ bí orí mi ṣe wú tó. Mo máa ń wọ ọkọ̀ tírótírò láti Ayígyà, lẹ́bàá yunifásítì, kìkì kí n lè wá fọwọ́ lé irin.

Máàmé Sẹ́wàá, obìnrin Àṣáǹtí kan, ní ilé ìtẹ̀wé ní Bántámà. Ìwé ìsìnkú ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Ẹni tó bá mọ Kùmásì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kò sí Sátidé tí wọn ò sìnkú, kò sì sí òkú àgbà tí kì í ní ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, orúkọ àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ ẹkún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Máàmé Sẹ́wàá wá ra kọ̀ǹpútà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Dísìkì ogún ni, káàdì rẹ̀ sì bá a mu. Mo fọwọ́ lé e, mo ní, "Mo ti rí i," mo bá padà sí ilé ìwé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tí dísìkì náà bà jẹ́ ni mo tó gbọ́ ọ lẹ́nu Máàmé Sẹ́wàá. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń jáde ni Kofi pè wọ́n, tó fi ọgbọ̀n hàn wọ́n ní iye kan náà. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Bàbá, wọ́n ní àwọn ò rà á mọ́. Bàbá ní, "Máàmé, ẹ padà wá lọ́la. Tiwa náà á di ọgbọ̀n." Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ó ti di ọgbọ̀n. Wọ́n béèrè pé, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ sí i?" Bàbá ní, "Òun ló yí i padà fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ lé e kó tó lọ."

Mi ò wá. Mi ò mọ̀. Inú kíláàsì ni mo wà. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó bá Bàbá pààrọ̀ káàdì náà, torí àwọn ò lè tẹ kọ̀ǹpútà.

Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ìdílé ńlá kan fẹ́ sin ìyá wọn, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí fáìlì kankan. Máàmé Sẹ́wàá ránṣẹ́ pè mí. Mo ṣí àpótí, mo rí káàdì tí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀, àmọ́ mi ò sọ ọ́ fún wọn, torí mo fẹ́ kí Bàbá sọ ọ́ fúnra wọn. Mo jókòó tì í láti àárọ̀, mo ń ka àwo náà ní ègé-ègé. Ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo rí "ìyá wa tó fi ẹ̀yìn pọ̀n wá." Mo rí "sùn re o." Àmọ́ oríṣiríṣi ìwé ìsìnkú ló wà lórí rẹ̀, atọ́ka ti lọ, mi ò sì lè mọ òkú wo ló ni ẹkún wo. Ìdílé náà lọ síbi ìsìnkú lọ́wọ́ òfo. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Máàmé Sẹ́wàá.

Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà kó wa jọ sí iwájú ilé Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wa. Máàmé Sẹ́wàá ò pariwo. Wọ́n béèrè ohun tí àṣà ní kí wọ́n béèrè: "Ta ló fọwọ́ lé e?"

Mo wo Bàbá. Ó dá mi lójú pé wọ́n máa sọ ọ́. Mo tiẹ̀ ń ṣàánú wọn, mo ń rò ó pé ojú á tì wọ́n, pé mo máa dúró tì wọ́n.

Bàbá ní, "Àṣàkẹ́ ni."

Mo ní, "Bàbá, èyí tí mo fọwọ́ lé…"

Wọn ò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. Ohùn tí wọ́n fi ń kẹ́ mi ni wọ́n lò, ohùn yẹn gan-an: "Àṣàkẹ́, kúnlẹ̀, bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn lè bi mí pé kí ló dé. Mo rò pé wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rò. Mo rò pé tí a bá délé, wọ́n á pè mí sí yàrá, wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n lọ tún un ṣe." Nínú tírótírò, wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà fún mi láti ojú fèrèsé, wọ́n wo ìta. A délé. Wọ́n kírun. Wọ́n sùn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi dé gbogbo ibi tí mo wá iṣẹ́ lọ ní Kùmásì. Ọ̀gá kan wo ìwé ẹ̀rí mi, inú rẹ̀ dùn sí i, ó wá bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Áà. Ìwọ ni ọmọ dísìkì yẹn." Mo rẹ́rìn-ín torí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mi ò bínú sí Kofi rárá. Kofi ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni tajà. Bàbá ni mo bínú sí, ìbínú náà sì ń dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi, torí pé àwọn náà ló kọ́ mi pé orúkọ ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara tù wọ́n, mo bi wọ́n. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?" Wọn ò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Mo ti darúgbó, Àṣàkẹ́. Bí orúkọ tèmi bá ṣẹ́ nísinsìnyí, kò ní hù mọ́. Tìrẹ ṣì kéré. Á hù padà."

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún Máàmé Sẹ́wàá."

Wọ́n ní, "Tí mo bá dìde." Wọn ò dìde.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti wẹ Bàbá, wọ́n ti gbé wọn sí iwájú ilé. Àwa obìnrin wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lèmọ́mù dúró níbi orí òkú, wọ́n ní, "Ẹni tí Àlàájì bá ṣẹ̀, ẹni tó bá ní ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kó wí báyìí, tàbí kó forí jì í." Gbogbo èèyàn dáhùn pé àwọn ti forí jì í. Máàmé Sẹ́wàá, nínú aṣọ dúdú wọn, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sọ̀rọ̀ ní Twi: "Èmi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ Àlàájì. Ọmọ rẹ̀ ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dárí ji ọmọ náà." Àwọn èèyàn ní, "Ẹ ṣé, Máàmé." Ẹnì kan tì mí kí n dúpẹ́.

Mo ní, "Èmi ní nǹkan lọ́wọ́ wọn."

Bọ̀dá Bùràímọ̀ yíjú láàárín àwọn ọkùnrin. "Rámátù! Níbi òkú?"

Mo ní, "Lèmọ́mù ló béèrè."

Mo kọjú sí Máàmé Sẹ́wàá, mo sọ ọ́ ní Twi kí ó lè yé wọn: ogún ni mo fọwọ́ lé, mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó di ọgbọ̀n, Bàbá mọ̀ pé á bà jẹ́, torí mo ti sọ fún wọn. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Máàmé Sẹ́wàá wò mí. "Àlàájì mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

Wọ́n wo òkú náà, wọ́n rọra jókòó. "Kòsẹ́," ni wọ́n sọ fún mi, bí àwọn Àṣáǹtí ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe. "Nígbà náà, kì í ṣe èmi ni Lèmọ́mù yẹ kó bi, ìwọ ni."

Oòrùn ń mú, àwọn ọkùnrin tó fẹ́ gbé òkú ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lèmọ́mù gbójú sókè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ ń dúró dè é. Ṣé o forí jì í?"

Mo wá ìdáríjì náà nínú ara mi, mo wá a gan-an, torí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kò tíì yá, Lèmọ́mù. Ẹ máa gbé wọn lọ."